Bàdírù Bíríkìlà àti Ilé Pupa Ìdí-Ìyeyè

Ní Núsílà, ní ìsàlẹ̀ ìlú Jidá nílẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí àwọn ará ilé wa tí kò ní ìwé ìgbélùú ti ń gbé mẹ́fà-mẹ́fà nínú yàrá kan, Bàdírù ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè bí ògiri bá fẹ́ yẹ̀. Ọmọ Ìdí-Ìyeyè ni, abúlé kékeré kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà fún ọdún márùn-ún kó tó gba òmìnira. Ní ọdún 1988, ó bá àwọn aláàájì wá sí Mẹ́kà. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú wọn ń padà lọ sílé, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ títí, kò dáhùn. Jidá ló kù sí.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́. Ó dákẹ́, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kì í jẹ owó ẹni. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí àwọn tó ń bá a gbé yàrá ti mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn dárúkọ níwájú rẹ̀ tó bá ń jẹun: Sàhéèd, àbúrò rẹ̀.

Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn ni kì í ṣe ọ̀kan náà. Ràhímátù, ìyá Bàdírù, ni ìyáálé. Bùsírátù, ìyá Sàhéèd, ni ìyàwó kejì. Ilé alámọ̀ ni wọ́n ti fẹ́ Ràhímátù wá, ṣùgbọ́n Ilé Pupa ni wọ́n ti fẹ́ Bùsírátù. Ohun tó wà láàárín àwọn ọmọ méjèèjì náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lójú Bàdírù, ó tó.

Kò sí irú Ilé Pupa ní gbogbo agbègbè wa. Bàbá tó bí bàbá Bùsírátù ló kọ́ ọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sàká. Sàró ni wọ́n ti bí Sàká, láàárín àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sun bíríkì. Nígbà tó padà sílé láyé Ọbabìnrin Fitóríà, ó wa amọ̀ létí odò, ó fi àpótí pákó yọ ọ́, ó sun ún títí ó fi ń dún bí irin. Ó wá fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Bíríkì pupa àti èyí tó mọ́ díẹ̀ jù ú lọ tẹ̀léra wọn lára ògiri bí ìlà ara aṣọ òfì. Irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ìlú Òyìnbó bọ̀. Wọ́n gbẹ́ ọdún 1891 sára òkúta lókè ilẹ̀kùn. Ọba tó bá gorí oyè ní agbègbè náà á wá jókòó nínú ilé yìí kó tó wọ ààfin rẹ̀. Bí àlejò bá ń bọ̀ ní Ìdí-Ìyeyè, wọn kì í júwe ọ̀nà mìíràn fún un ju pé kó máa wo òkè títí yóò fi rí pupa.

Bàdírù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí òjò ọ̀sán kan wó ògiri yàrá ìyá rẹ̀. Bàbá wọn kó wọn lọ sí Ilé Pupa láti sá sí. Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wọn ní ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹní. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan níbẹ̀ sọ fún Ràhímátù pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ nu ẹsẹ̀ ọmọ yẹn kó tó gun àtẹ̀gùn." Bí wọ́n ṣe ń nu ẹsẹ̀ Bàdírù lọ́wọ́, Sàhéèd, ọmọ ọdún méjì, fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ sáré gun àtẹ̀gùn náà kọjá lára rẹ̀, gbogbo ilé sì ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ àfi Bàdírù.

Ní ọdún 1991, Ràhímátù kú. Bàdírù kò lè lọ sin ín, nítorí ẹni tí kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú wọn, tó bá jáde ní Jidá kò ní wọlé mọ́. Inú yàrá ní Núsílà ló ti kírun sí òkú ìyá rẹ̀ lára. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n fi fọ́tò àdúà ọjọ́ ogójì ránṣẹ́ sí i. Nítorí pé ojúde ilé bàbá wọn há, iwájú Ilé Pupa ni wọ́n ti tẹ́ ẹní fún àwọn àlùfáà. Sàhéèd wà láàárín, nínú aṣọ funfun, ó ń gba ìkíni lórí ìyá Bàdírù. Bàdírù wo fọ́tò náà, ó tì í mọ́ inú àpótí, kò tún yọ ọ́ jáde mọ́.

Ọdún kejì rẹ̀ ni Sàhéèd fúnra rẹ̀ dé. Yunifásítì ní Mẹ́kà ló gbà á pé kó wá kọ́ òfin ẹ̀sìn, wọ́n san owó ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní ìkámà, ó sì ń gbé ní àdúgbò Rùsáífà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàdírù tó ti lo ọdún mẹ́rin ní Jidá ń gba ẹ̀yìn ilé rìn bó bá rí ọlọ́pàá. Sàhéèd tó dé lánàá ń rìn láàárín títì.

Síbẹ̀, ọmọ náà kò gbéraga. Ní ọjọ́ Alámìísì tí kò bá sí ẹ̀kọ́, á wọ ọkọ̀ wá sí Núsílà, á gbé dàbínù lọ́wọ́, á sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo ará yàrá. Èyí gan-an ló ń dun Bàdírù jù. Ká ní ọmọ náà burú ni, ìbá rí ẹjọ́ rò.

Láti Jidá, Bàdírù ti fi owó iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé búlọ́ọ̀kù kan ní Ìdí-Ìyeyè. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ra ilẹ̀ tó kọjú sí Ilé Pupa, ó sì ní kí wọ́n gbé ti òun ga jù ú lọ. Nígbà tí ilé náà ga dé orí fèrèsé, aláàájà kan ti abúlé wá sí Hájì. Bàdírù bi í bóyá ó rí ilé òun.

"Mo rí i o," ni aláàájà náà wí. "Ṣé èyí tó wà níwájú Ilé Pupa yẹn?"

Àwọn Yorùbá ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Bàdírù rù lóòótọ́.

Ní ọdún 1995, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Sàhéèd wá sí Núsílà pẹ̀lú lẹ́tà kan lọ́wọ́. Àlàájì Màrúf ló kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá Sàhéèd, olórí Ilé Pupa. Ó ní ògiri ẹ̀yìn ilé ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdajì ẹbí fẹ́ kí wọ́n wó ilé náà kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú títì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan láti iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wá láti Èkó, ó ya fọ́tò, ó wọn ilé náà yíká, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní ilé tó ṣẹ́kù nínú irú èyí kò tó nǹkan mọ́, pé kì í ṣe ogún ẹbí Sàká nìkan, ogún gbogbo wa ni. Àlàájì Màrúf kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe, ó wá ní kí Sàhéèd tó mọ̀wé dá sí i.

Sàhéèd fa fọ́tò mẹ́rin yọ láti inú àpòòwé náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni èmi mọ̀ nípa ilé? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi wò ó. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni mo máa kọ sílé."

Bàdírù gbé fọ́tò náà lọ sí ojú ilẹ̀kùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kò pẹ́ tó fi rí i. Sísán náà kò la bíríkì kankan, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ nìkan ló gbà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn. Igi ìyeyè ńlá kan wà nínú fọ́tò kẹta, gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ abẹ́ ìpìlẹ̀, omi òrùlé sì ń dà síbẹ̀ lójú kan. Kí wọ́n gé gbòǹgbò, kí wọ́n darí omi, kí wọ́n tún ojú bíríkì lẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ilé náà le ju gbogbo ilé tí òun ti kọ́ láyé rẹ̀ lọ.

Ó wo ojú Sàhéèd. Sàhéèd ń wò ó bí ẹni tó ń wo dókítà.

"Ilé yìí ti kú," ni Bàdírù wí. "Ohun tó kù ni kó pa èèyàn. Ẹ wó o."

"Ẹ ní kò sí àtúnṣe?"

"Mo sọ fún ọ pé ó ti kú, Sàhéèd."

Ọmọ náà fi fọ́tò bojú, ó ń sunkún. Bàdírù gbá a mọ́ra, ó ń tù ú nínú, ṣùgbọ́n ohun kan dùn láyà rẹ̀ bí oyin. Ó jẹ ìrẹsì àwo méjì ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Lásìkò yìí, abẹ́ Salem, ọ̀gá bíríkìlà kan ará Yámánì, ni Bàdírù ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń tún ilé àtijọ́ kan ṣe ní Báládì, àárín gbùngbùn Jidá, níbi tí àwọn baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ ti fi òkúta inú òkun kọ́ ilé alájà mẹ́rin, tí wọ́n fi pákó gbígbẹ́ bo fèrèsé rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Fadl ló ni ilé náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó lọ sí ilé ìgbàlódé, wọ́n sì fẹ́ kó tẹ̀ lé wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá náà fa Bàdírù lọ sí ìdí ògiri kan. "Múálímù," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, "àwọn ọmọ mi mú ẹnjiníà kan wá, ó ní ilé mi máa wó. Ìwọ ń fi ọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Sọ òótọ́ fún mi."

Bàdírù fi òòlù kékeré kan ògiri náà láti igun dé igun, ó ń gbọ́ ìró rẹ̀. "Kò ní wó, bàbá. Apá ibí yìí nìkan ló ti jẹ, a ó pààrọ̀ rẹ̀."

Omi bọ́ lójú bàbá náà. Ó tú tíì sí ife fún un. "Mo mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n sọ fún mi, kí ló lè mú kí ẹnjiníà yẹn, tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan, pa irọ́ mọ́ ilé tí kò ṣẹ̀ ẹ́?"

Bàdírù gbé ife sẹ́nu, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní ó gbóná jù.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bó bá di òwúrọ̀, á ní òun máa lọ bá Sàhéèd ní Mẹ́kà. Bó bá tún ronú kan àwọn ọmọ Ilé Pupa tó ń rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn, á ní kí wọ́n wó o, kí àwọn náà mọ bó ṣe ń rí. Ó wá rí àwáwí kan dì mú: àwọn sójà ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà Mẹ́kà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù wà ní Núsílà, Sàhéèd sì ti fún un ní nọ́ńbà.

Nígbà tí Hájì kù dẹ̀dẹ̀, agbaṣẹ́ṣe kan ń wá àwọn tí yóò pàgọ́ tí yóò sì máa pọn omi fún àwọn aláàájì ní Mínà, lẹ́bàá Mẹ́kà. Bàdírù dùbúlẹ̀ sáàárín àpò àgọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ Mínà. Ó mọ̀ pé Àlàájì Màrúf ń bọ̀ lọ́dún náà. Títí di òní, kò lè sọ bóyá torí iṣẹ́ lòun ṣe lọ tàbí torí bàbá náà.

Lẹ́yìn iléyá, ní ọ̀sán, ó rí àgọ́ àwọn ará Abẹ́òkúta. Àlàájì Màrúf jókòó sórí ẹní, ó ń fẹ́ ara rẹ̀, Sàhéèd sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gé bàrà fún un. Bí bàbá náà ṣe rí Bàdírù, ó dìde nàró.

"Bàdírù ọmọ Ràhímátù! Wá jókòó sọ́dọ̀ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ lórí wa." Ó fà á jókòó sórí ẹní ara rẹ̀. "Ọkùnrin tó ti Èkó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lọ́kàn padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà Sàhéèd dé pé ìwọ lo wí bẹ́ẹ̀, mo pe ẹbí jọ, mo ní ó tán. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé la máa gbọ́, kì í ṣe ẹni tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Gbogbo wọn ló gbà. Wọ́n ní bí Bàdírù bá ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Láti ọmọdé, kò sí ìgbà kan tí wọ́n tí ì fi ọ̀rọ̀ Bàdírù ṣe nǹkan nínú Ilé Pupa. Ohun tó ti ń fẹ́ láti ogún ọdún ó lé nìyí, ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lórí irọ́. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ pọn omi. Ó jáde, ó dúró sẹ́yìn àgọ́ nínú oòrùn gbígbóná, korobá òfìfo lọ́wọ́. Nígbà tó padà wọlé, kò jókòó.

"Àlàájì, irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ kí ni?"

"Ògiri yẹn, kò sóhun tó ṣe é. Gbòǹgbò igi ló tì í. Bẹ́ ẹ bá gé gbòǹgbò náà, tẹ́ ẹ darí omi òrùlé, á tún lo ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo ti rí i nínú fọ́tò kí n tó lanu."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Sàhéèd. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ pé—"

"Mò ń jowú rẹ ni."

Àwọn aláàájì tó wà nítòsí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àlàájì Màrúf gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Inú iṣẹ́ Hájì ni mo wà," ó rọra wí. "Ọlọ́run ní ká má ṣe jà níbí. Ká ní Ìdí-Ìyeyè la wà, ò bá ti gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu mi." Ó wá dìde. "Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kó má bàa ṣojú mi. Sàhéèd, níbo ni tẹlifóònù wà?"

Wọ́n to sórí ìlà fún wákàtí méjì lábẹ́ oòrùn. Bàdírù dúró lẹ́yìn wọn, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Ìdí-Ìyeyè kò ní tẹlifóònù. Ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ta oògùn ní Abẹ́òkúta ni wọ́n pè, wọ́n ní kó rán ọlọ́kadà lọ sí abúlé kíákíá pé kí wọ́n sọ gbogbo dígà sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni èsì dé. Wọ́n ti ká páànù apá ẹ̀yìn. Wọ́n ti wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, wọ́n sì ti ta irin rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ọkọ̀ ti gbé e lọ sí Èkó. Ògiri ẹ̀yìn ti wálẹ̀ dé ìdajì. Ìyókù kò gbà fún wọn. Bíríkì Sàká ti ṣẹ́ ọwọ́ dígà mẹ́ta, àwọn lébìrà sì ń bínú pé kí wọ́n fi owó kún owó àwọn. Báyìí ni iwájú ilé ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn, tó sì ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Sàhéèd wá sí Núsílà. Kò gbé dàbínù wá, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí."

"Kí ló wá fà á?"

Bàdírù ronú títí. "Ẹsẹ̀ rẹ dọ̀tí lọ́jọ́ kan, wọn ò nù ún," ló sọ. Sàhéèd kò mọ ohun tó ń wí. Kò sì tún wá mọ́ fún ọdún kan àbọ̀.

Ní 1997, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí kò ní ìkámà máa lọ sílé, Bàdírù kò sá pamọ́. Ó fúnra rẹ̀ to sórí ìlà pẹ̀lú àpótí kan, ó sì wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìdí-Ìyeyè ló gbà lọ tààrà. Kò wọ inú ilé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ tí koríko ti bò. Iwájú Àlàájì Màrúf ló dọ̀bálẹ̀ sí.

"Kí lo fẹ́?" bàbá náà bi í.

"Mo fẹ́ tún ògiri ẹ̀yìn mọ. Mi ò gba owó."

"Ìwọ! Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

"Kẹ́ ẹ ní kí ọkùnrin Èkó yẹn dúró tì mí."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe é. Ọkùnrin náà padà wá, ó kọ́kọ́ sunkún irin ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ bí iṣẹ́ náà yóò ṣe lọ. Ó ní búlọ́ọ̀kù kò gbọdọ̀ kan ilé náà. Bàdírù ní láti wa amọ̀ létí odò, kó yọ ọ́, kó sì sun ún bí Sàká ti ṣe. Ìdáná àkọ́kọ́ bàjẹ́, gbogbo bíríkì rẹ̀ fọ́ bí àkàrà. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dúdú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dún bí irin, pupa rẹ̀ kò sì bá ti àtijọ́ mu pátápátá. Ìgbà náà ló wá mọ irú ọkùnrin tí Sàká jẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jowú òun náà. Ọdún méjì ló fi parí ògiri yẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kò padà wá mọ́, ojú ilẹ̀kùn tó yẹ kó já sí i ni wọ́n fi pákó dí.

Ní òpin 1999, Sàhéèd gboyè padà dé. Ó yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ pa ibi tí bíríkì tuntun ti pàdé ti àtijọ́. Nígbà tó jẹun tán, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń fọ irin iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti fún mi níṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Mo ti ra ilẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ ọ fún mi."

Bàdírù wò ó títí. "Yàrá mélòó?"

"Márùn-ún."

"Márùn-ún!" Ó mi orí, ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. "Jẹ́ kí n wá wo ilẹ̀ náà lọ́la."

Ó kọ́ ọ. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní bó ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ló ń kùn sínú, pé kí ni ẹnì kan fẹ́ fi yàrá márùn-ún ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ní gbogbo ògiri rẹ̀ ló dúró gbọnrangandan.